Eré Ọdẹ́rìnlọ Níwájú Iná Igbó Àìwọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ rọ̀gbà yí mi ká yìí. Mo kí ẹni tó jókòó sórí àpótí, mo kí ẹni tó jókòó sórí ẹní, mo sì kí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé òun kò ní í pẹ́ lọ, tí kò sì ní í lọ títí ìtàn yóò fi tán. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kí ó tètè wú u báyìí. Ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó sá eré àsápajúdé lójú gbogbo ìlú nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí ìtìjú eré náà kò sì bá a, tí ó jẹ́ pé àwọn tí kò sáré ni ojú tì.

Ọdẹ́rìnlọ ni orúkọ rẹ̀, olórí ọdẹ ìlú Òkè-Ìgalà. Ìlú kékeré ni Òkè-Ìgalà, inú ọ̀dàn ni ó wà, níbi tí koríko ti ń ga ju ènìyàn lọ nígbà òjò, tí í sì í gbẹ bí irun arúgbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá ṣèèṣì bi Ọdẹ́rìnlọ léèrè pé ta ni í ṣe, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gba iṣẹ́ fún etí yín. Yóò gbọn agbádá ọdẹ rẹ̀, yóò tẹ orí sẹ́yìn, yóò ní: "Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ ọmọ Ọdẹ́gbọlá, ọmọ a-yìnbọn-méjì-pa-ẹfọ̀n-mẹ́ta, ẹ̀kẹta gbọ́ ìró, ó kú fúnra rẹ̀! Baba baba mi ni ekùn pàdé lọ́nà oko tí ó yà sígbó, tí ó ní, 'Bàbá, ẹ máa kọjá.' Baba ìyá mi ni erin kúnlẹ̀ kí, tí kò lè dìde mọ́. Ọmọ a-fi-awọ-ọ̀nì-ṣe-bàtà, tí í wọ̀ ọ́ lọ sí etí odò kí àwọn ọ̀nì yòókù lè rí ìbátan wọn!"

Láti ìdí ààrò ni ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ti máa ń dá a lóhùn: "Ọmọ a-pa-ẹfọ̀n-mẹ́ta, eku ti wà nínú àgbàdo wa láti ìjẹta o."

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, òjò tètè ká ẹní rẹ̀, ọyẹ́ sì dé bí àlejò tí a kò pè. Ó la ètè, ó la àtẹ́lẹsẹ̀, ó fa omi odò títí tí ẹja fi ń rí ẹ̀yìn ara wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èéfín yọ lẹ́yìn Igbó Àìwọ̀. Kí ẹ mọ̀ pé Igbó Àìwọ̀ ni igbó dúdú ńlá tó wà ní apá àríwá ìlú náà, níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Wọ́n ní ìwin ló kún inú rẹ̀ bí èèrùn, kò sì sí ẹni tó wọ̀ ọ́ rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ́rìnlọ wo èéfín náà, ó fi itọ́ rẹ ìka, ó nà án sókè láti wo ibi tí afẹ́fẹ́ kọrí sí, ó sì bá ọ̀nà ilé Baálẹ̀ Oyèníran lọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Baálẹ̀, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi ìpàdé ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ ní, "Kí Baálẹ̀ pẹ́. Iná ń bọ̀. Kò lè gun àpáta tó wà lápá ọ̀tún wa, kò sì lè la odò tó wà lápá òsì kọjá. Àárín àpáta àti odò nìkan ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú mú ọkọ́ àti àdá, kí a gé koríko ibẹ̀, kí a ha ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi dán bí orí tí a fá, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó ọ̀pẹ mẹ́ta tí a tò lélẹ̀. Bí iná bá dé ibẹ̀ tí kò rí nǹkan jẹ, ebi ni yóò pa á."

Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà dára, pé ó yẹ kí wọ́n ṣèpàdé lé e lórí.

Wọ́n ṣèpàdé o! Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n ń jiyàn nípa ẹni tí yóò gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta gbà á nígbẹ̀yìn, ti ẹnì kẹta ni ó sì gùn jù. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ń jiyàn bóyá apá ọ̀tún ni ó yẹ kí àwọn ọdẹ jókòó sí tàbí apá òsì. Ẹnì kan ní èéfín àwọn ará abúlé òdìkejì ni, pé wọ́n kúkú fẹ́ràn àṣehàn. Gbogbo ìgbà yìí ni èéfín ń ga sí i, tí eérú sì ń já bọ́ sínú ẹmu wọn, tí wọ́n ń fi ìka yọ ọ́ dànù tí wọ́n ń mu ẹmu lọ. Ní ọjọ́ kẹta ni Baálẹ̀ wá dìde tí ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni a ń páyà sí? Ṣebí Igbó Àìwọ̀ ló wà láàárín àwa àti iná? Ṣé àwọn ìwin inú rẹ̀ yóò jókòó kí iná jó ilé wọn mọ́ wọn lórí? Àwọn ni odi wa. Ẹ lọ sinmi."

Ọdẹ́rìnlọ fò dìde. "Baálẹ̀, a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn!"

"Ó dára," ni Baálẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ọmọ a-pa-ẹfọ̀n-mẹ́ta, wọ inú igbó náà lọ, kí o bi wọ́n bóyá wọn yóò dá iná dúró. Kí o sì bá wa kí wọn."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí àwọn mìíràn. Ẹ mọ bí ó ti rí: ẹni tí ó ti fi àádọ́ta ọdún sọ fún gbogbo ayé pé ekùn ń yà fún ìran òun lọ́nà, kò lè sọ wàyí pé orúnkún ń dun òun. Ọdẹ́rìnlọ ní òun yóò lọ.

Nígbà tí ó délé, Àwẹ̀ró kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó bá a so àpò mọ́ ìbàdí, ó ní, "Bàbá Ọdẹ́níyì, bí àwọn ìwin bá ní àwọn kò lè dá iná dúró ńkọ́?"

"Èmi yóò mú kí wọ́n lè dá a dúró."

"Báwo?"

Ẹnu Ọdẹ́rìnlọ nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ náà, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ máa lọ. Èmi yóò pe àwọn obìnrin. Bí ó ṣe ìwọ̀n ẹní mẹ́rin ni a lè rí ha, a ó ha á. Àwa kò lè jókòó de ìwin."

Ọ̀sán ti pọ́n díẹ̀ nígbà tí ọdẹ wa wọ Igbó Àìwọ̀. Èéfín ti sọ inú igbó náà di ìrọ̀lẹ́, igi ń kérora, afẹ́fẹ́ sì gbóná bí èémí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ̀rù bà á. Ó pe ọfọ̀ egbé tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, èyí tí í gbé ọdẹ kúrò nínú ewu lọ sí ilé. Egbé náà sì gbé e lóòótọ́: ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló gbé e, ó sì jù ú sínú ẹ̀gún, nítorí oògùn náà ti darúgbó ju ẹni tó ni ín lọ. Níbi tí ó ti ń yọ ẹ̀gún ní ìdí ni ó ti gbọ́ ariwo, ó sì fi ọwọ́ ya ewé sápá kan láti wò.

Háà! Àwọn tí a ti ń fi orúkọ wọn pa ọmọ lẹ́nu mọ́ láti ayébáyé, ẹrù ni wọ́n ń dì! Olójú-Mẹ́rìndínlógún jókòó sórí ìtì igi, èéfín ti wọ gbogbo ojú rẹ̀, ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tó nu ti ìkẹyìn tán, ti àkọ́kọ́ ti tún ń ṣomi. Ẹlẹ́nu-Níkùn, tí ó lè gbé màlúù mì tìwo-tìwo, ikọ́ ló ń wú, bí ó bá sì ti wú u ni oúnjẹ àná ń fò jáde. Afoírìn, tí í fi orí rìn tí í gbé ẹsẹ̀ sókè, ti di ẹrù rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ kiri. Ìyá ìwin kan wà níbẹ̀ tí ó ní ọmú méjìlá àti ọmọ mẹ́tàlá, iná ń bọ̀ o, síbẹ̀ ìjà ọmú kò tíì parí láàárín àwọn ọmọ náà. Òórùn-Kú-Ẹyẹ, tí ẹyẹ ojú ọ̀run ń já bọ́ bí ó bá ṣí apá, òun náà di imú, ó ní èéfín ń run òun. Egbére tí ó ti ń sunkún láti ìgbà ìwáṣẹ̀ láìsí ohun tó ṣe é, lónìí tí nǹkan wá ṣe é, kò ráyè sunkún mọ́. Ó ká ẹní rẹ̀ mọ́ abíyá, ó ń bèèrè ọ̀nà.

Láàárín wọn ni ọba wọn dúró sí, Gìrìpá Ab'ojú-bí-orù. Irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìko gbígbẹ tí ó wọ́ nílẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ tó ẹ̀ka ìrókò, ti òsì kò sì ju ti ọmọ ọmú lọ. Ó rí Ọdẹ́rìnlọ, ó kígbe, "Ènìyàn! Ẹran tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá inú ìkòkò! Kí lo wá ṣe?"

Ọdẹ́rìnlọ jáde. Ọkàn rẹ̀ ti sá padà sílé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ̀. "Èmi Ọdẹ́rìnlọ ọmọ Ọdẹ́gbọlá ni. Baálẹ̀ wa ní kí n kí yín. Ó ní ẹ̀yin ni odi àwa, pé ẹ ó bá wa dá iná dúró."

Àwọn ìwin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà di èébì. Gìrìpá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ," ni ó wí, "ǹjẹ́ o ti rí ìwin tó ń mú ìṣáná kiri rí? Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí àwọn ọdẹ ìlú rẹ lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn igbó wa, wọ́n ti iná bọ koríko kí ọ̀yà lè sá jáde. Wọ́n pa ọ̀yà mẹ́rìnlélógún, wọ́n dì wọ́n, wọ́n sì fi iná sílẹ̀, wọ́n ní yóò kú fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀yà náà dà?"

Ọdẹ́rìnlọ mọ ibi tí àwọn ọ̀yà náà gbà. Ìlú ṣe àjọyọ̀ ọdún kẹwàá tí Baálẹ̀ gorí oyè, ẹran ìgbẹ́ kún inú ọbẹ̀, wọ́n sì gbé itan tó sanra jù wá fún òun olórí ọdẹ. Ó jẹ ẹran, ó fọ́ egungun, ó lá ìka, kò bèèrè bí wọ́n ti ṣe rí ọ̀yà mẹ́rìnlélógún lọ́jọ́ kan.

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," ni Gìrìpá wí. "Àwa tí a kò dà á, ta ló ní kí ó tọ̀ wá wá?"

Ìtìjú gún ọdẹ náà ju ẹ̀gún lọ. Bí ó ti gbé ojú sílẹ̀ nítorí ìtìjú yìí ni ó rí ẹsẹ̀ àwọn ìwin. Ẹsẹ̀ wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, èékánná wọn rí bí ọkọ́, ibikíbi tí wọ́n bá sì ti ń rìn lọ rìn bọ̀, koríko kan kò ṣẹ́kù níbẹ̀, erùpẹ̀ lásán ni. Lẹ́yìn wọn, láàárín igi, ó rí ahọ́n iná àkọ́kọ́ tí ó yọ pupa.

Ọdẹ́rìnlọ fa sòkòtò rẹ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú, ẹ̀rín tí í dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. "Àwọn tí mo ń bẹ̀rù láti kékeré nìyí! Olójú-Mẹ́rìndínlógún, gbogbo ojú yẹn, o kò rí iná títí ó fi dé ìdí rẹ! Ẹlẹ́nu-Níkùn, gbé iná mì ká rí ọ! Ìwọ Afoírìn, ó ti yé mi ìdí tí ọgbọ́n kò fi sí lórí rẹ, o ti tẹ̀ ẹ́ pa! Gìrìpá, apá rẹ kan dàgbà, èkejì kọ̀, kò tẹ̀ lé e. Èwo nínú méjèèjì ló jẹ ọba? Bí mo bá délé, n ó kó àwọn ọmọdé jọ, n ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù mọ́, pé agbo adìyẹ ló wà nínú Igbó Àìwọ̀!" Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò fi fèsì, ó na ọwọ́, ó sì fa ìko kan tu nínú irùngbọ̀n ọba wọn.

Gbogbo igbó náà dìde.

Àwọn àgbà ní àgbàlagbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ohun tó ń lé Ọdẹ́rìnlọ lọ́jọ́ náà kò lóǹkà. Ó ju ìbọn rẹ̀ nù, ó ju àpò rẹ̀ nù, ó gbàgbé orúkọ baba rẹ̀ pàápàá. Ó jáde nínú igbó bí ọfà, ó kọrí sí ìdí àpáta, nígbà tí ó dé ibẹ̀ ó ṣẹ́rí sí apá òsì, ó sì gba ọ̀gangan ibi tí ó ní kí ìlú ha, ó kọjú sí odò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ìwin, wọ́n fẹ̀ ju ọ̀pẹ mẹ́ta lọ, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tu ilẹ̀, wọ́n ń fi ìrù gbá a, Afoírìn ń fi orí lù ú bí ẹni ń gún iyán. Àwọn ọmọ ìyá ọlọ́mú méjìlá ń ja koríko tu bí wọ́n ti ń kọjá, nítorí ìbínú ti mú kí wọ́n gbàgbé ọmú. Láti ìlú, eruku nìkan ni wọ́n rí, eruku tó ga ju ilé lọ. Baálẹ̀ wo eruku náà lẹ́ẹ̀kan, ó wọ ìyẹ̀wù, ó sì ní kí àwọn ìyàwó rẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè pé òun lọ sí oko.

Àwẹ̀ró àti obìnrin méje wà láàárín àpáta àti odò pẹ̀lú ọkọ́. Ìwọ̀n ẹní mẹ́rin tó wí náà ni wọ́n ti rí ha. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó ń bọ̀, wọ́n gun àpáta, wọ́n di ara wọn mú. Àwẹ̀ró rí ọkọ rẹ̀ tí ó ń kọjá nísàlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tí kò sì sí ìyìn kankan tó ń ti inú rẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, ó sì bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí eruku ti ń rọlẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ẹ wo ilẹ̀!" ni ó kígbe. "Ẹ wo ilẹ̀! Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ kó koríko tí wọ́n tu, kí iná má bàa rí i jẹ!"

Orúnkún Ọdẹ́rìnlọ yẹ̀ nígbà tí ó dé etí odò, ó sì ṣubú sínú ẹrẹ̀. Àwọn ìwin fò ó kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí iná ti hàn lẹ́yìn wọn, ìbínú wọn sì ti ń padà di ìbẹ̀rù. Gìrìpá nìkan ni ó dúró. Ó gbé apá ọ̀tún sókè láti fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ọba," ni Ọdẹ́rìnlọ wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "irùngbọ̀n yín ń jó."

"Irọ́ ọdẹ!"

"Ti òní kì í ṣe irọ́. Ẹ fi ọwọ́ kékeré yẹn kàn án."

Gìrìpá fi kàn án, ó sì figbe ta. Ìṣáná kò sí lọ́wọ́ ìwin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìko gbígbẹ wà lágbọ̀n rẹ̀, ẹta iná kan sì ti bà lé e. Ó ń yí, ó ń fò, apá ńlá kò lè tẹ̀ dé ibẹ̀, kékeré kò sì lágbára. Ọdẹ́rìnlọ ìbá dúró kí ó máa wò ó. Ṣùgbọ́n ó rántí itan ọ̀yà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bu omi ẹlẹ́rẹ̀, ó sì dà á sí ọba náà lágbọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, títí iná fi kú fìì.

Wọ́n wo ara wọn. Agbọ̀n Gìrìpá ti dán bí ti ọmọdé.

"N kò ní í dúpẹ́," ni ọba ìwin wí.

"N kò bèèrè ọpẹ́. Níbo ni ẹ ń lọ?"

"Ibi tí kò ti sí aládùúgbò," ni ó wí, ó sì la odò kọjá.

Iná dé. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ohùn iná ọ̀dàn rí, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ mi. Ó ń ké bí ọjà tó túká sí ìjà. Ejò ń gba àárín ẹsẹ̀ ènìyàn kọjá, kò sí ẹni tó rántí pa á. Àwòdì ń rà bàbà lókè, wọ́n ń mú tata tó ń sá. Iná dé etí ilẹ̀ tí àwọn ìwin tẹ̀, ó na ahọ́n, ó wá oúnjẹ lọ sọ́tùn-ún, ó kan àpáta, ó wá a lọ sósì, ó kan odò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹta iná kọjá, àwọn obìnrin sì ń fi àpò ìdọ̀họ tútù lù ú pa, títí àwọn ọkùnrin fi rí i pé ó ti ń rọlẹ̀, tí wọ́n wá sáré dé pẹ̀lú ariwo púpọ̀. Ẹta kan ṣoṣo ló bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àtíbàbà ìpàdé ni ó bà lé, ohun tí ọjọ́ mẹ́ta kò lè parí sì parí níbẹ̀ kí ènìyàn tó ka ogún.

Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n gbogbo oko tó wà lódìkejì ilẹ̀ tí àwọn ìwin tẹ̀ jó, iṣu jó nínú ebè, igi irúgbá mẹ́tàdínlógún tí Àwẹ̀ró jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ó fi ń ṣe irú tà, jó di èédú. Ọdẹ́rìnlọ bá a níbẹ̀ tí ó dúró tí ó ń kà wọ́n, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti sá mọ́ iná lọ́wọ́. Ó dúró tì í. Òun náà bá a kà wọ́n dé orí mẹ́tàdínlógún.

Ní ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ dúró lórí eérú àtíbàbà rẹ̀, ó ní, "Ṣé mo sọ fún yín tàbí n kò sọ? Ṣebí mo ní àwọn ìwin ni yóò dá iná dúró?" Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé Ọdẹ́rìnlọ sókè, wọ́n ní kí ó kí ara rẹ̀ bí ó ti máa ń kí.

Ọdẹ́rìnlọ ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ó ní, "Èmi Ọdẹ́rìnlọ. Mo jẹ itan ọ̀yà nílé Baálẹ̀ lọ́jọ́ àjọyọ̀. Iná tí a fi lé ọ̀yà náà jáde ni ó jó oko wa. Àwọn ọdẹ mi ló dá a, èmi ni mo sì jẹ ibi tó sanra jù níbẹ̀. Mo dìde dúró. Ẹni tí kò bá jẹ nínú ẹran náà, kí ó jókòó kí n rí i."

Wọ́n wo Baálẹ̀, Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Ó pẹ́, ẹsẹ̀ ń ro àwọn àgbà, oòrùn mú, ẹnì kan ṣoṣo kò lè jókòó.

Láti ọdún yẹn, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ àkọ́fẹ́, ìlú ń jáde lọ ha ilẹ̀ láàárín àpáta àti odò, Baálẹ̀ ni a sì kọ́kọ́ ń fún lọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ aládùn wá bá yín, tí ẹran inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà tó gbà délé kí ẹ tó fi òkèlè bọ̀ ọ́. Bí èéfín bá sì yọ, ẹ má dúró wá ẹni tí yóò gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ìwin tí ì bá bá yín sáré ti kó lọ. Ó dìgbóṣe o. Kí oníkálukú gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wọlé, kí ó wo bí koríko ibẹ̀ ti ga tó.